Sítátà Tó Dún “Kọ́” Tí Ẹ́ńjìnnì Kò Yí

Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó ń retí kí ẹ́ńjìnnì gbà, ṣùgbọ́n “kọ́!” kan péré ló gbọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo nǹkan sì dákẹ́. Ó tún un yí, “kọ́!” kan náà ló tún dáhùn. Nígbà mìíràn, ìró náà kì í ṣe ẹyọ kan, léraléra ni í dún: “ta-ta-ta-ta-ta”. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, láti Èkó títí dé Ìbàdàn, ìdájọ́ kì í pẹ́ tẹ̀lé ìró yìí: “Kíkì ti lọ,” ìyẹn ni pé sítátà ti bàjẹ́. Wọ́n á tú sítátà, wọ́n á ra tòkunbọ̀ mìíràn, owó á jáde lápò onímọ́tò. Bí ọkọ̀ bá tún dún “kọ́” lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹjọ́ á kan bátìrì, owó á tún jáde. Ẹlẹ́rìí ni ìró yẹn, ẹlẹ́rìí tó sì mọ nǹkan ni. Ó lè sọ ẹni tí kò jẹ̀bi fún wa, ó lè júwe àdúgbò tí ẹlẹ́bi wà, ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹlẹ́bi gbọ́dọ̀ yẹ iná wò ní àkókò tí sítátà ń bèèrè fún un gan-an, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí kọ́kọ́rọ́ fi wà ní yíyí. Àyẹ̀wò tí a bá ṣe nígbà tí ohun gbogbo wà ní ìsinmi máa ń tan ni jẹ, òun ló sì ń fa púpọ̀ nínú owó tí àwọn onímọ́tò ń ná dànù.

Kí á tó lè lóye ẹ̀rí ìró náà, ó yẹ kí á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sítátà. Ṣáájú kí sítátà oníná tó dé, apá ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Irin títẹ̀ kan ni wọ́n á kì bọ iwájú ọkọ̀, wọ́n á fi agbára yí i, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà lójijì, ó lè dá ènìyàn lápá. Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló ṣe sítátà oníná tí ilé-iṣẹ́ Cadillac fi sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó fún àwọn ìsọ̀ ìtajà, níbi tó ti fi mọ́tò oníná kékeré sínú ẹ̀rọ náà, ó sì ti rí i níbẹ̀ pé mọ́tò kékeré lè ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bí iṣẹ́ náà kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Orí òye yìí ni sítátà òde òní ṣì dúró lé. Ọwọ́ méjì gbé e tán, ṣùgbọ́n iná tó ń mu nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ jọjọ. Sítátà ọkọ̀ kékeré onípẹtiróòlù, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, lè mu iná tó wà láàárín ámpù 100 sí 200, nígbà tí bọ́ọ̀bù iná iwájú kan kì í mu ju nǹkan bí ámpù 5 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí orí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba ojú kọ́kọ́rọ́ kọjá, yóò jó o. Nítorí náà, iná kékeré ló ń gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rílè, ìyẹn swíìṣì tí iná ń tàn, láti ọ̀dọ̀ rílè ló sì ń lọ sí sólẹ́nọ́ìdì tó jókòó lé sítátà lórí. Wáyà méjì ni wọ́n wé sínú sólẹ́nọ́ìdì yìí, irin kan sì wà láàárín wọn tó lè wọlé tó sì lè jáde. Wáyà kìn-ín-ní nípọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa irin náà wọlé. Èkejì tín-ín-rín, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dì í mú títí awakọ̀ yóò fi jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Bí irin náà ṣe ń wọlé, ó ń ti giá kékeré kan jáde kí eyín rẹ̀ lè bọ́ sáàárín eyín fláíwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bá dé òpin ìrìn rẹ̀, yóò fi pẹlẹbẹ bàbà kan so ojú bàbà méjì pọ̀, iná ńlá yóò sì ti bátìrì wọ inú mọ́tò sítátà tààrà. Bí irin náà ṣe gbá òpin ìrìn rẹ̀ ni “kọ́!” tí a ń gbọ́. Lójoojúmọ́ ló ń dún bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tó le koko, ariwo yíyí ẹ́ńjìnnì ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Bí “kọ́” náà bá ti ara sítátà wá lóòótọ́, a lè dá ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ kan. Fíúsì kò jó. Rílè gbé. Swíìṣì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ọlọ́tọmátíìkì gbà àfi tí giá bá wà ní P tàbí N kò ní ẹ̀bi, nítorí iná ti kọjá lọ́dọ̀ gbogbo wọn kó tó lè fa irin sólẹ́nọ́ìdì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ìró ti wá, torí rílè pẹ̀lú máa ń dún. Ìró tirẹ̀ fẹ́lẹ́, àpótí fíúsì ló sì ti ń wá. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kejì gbé ọwọ́ lé rílè, ọwọ́ rẹ̀ á sọ fún un. Bí rílè nìkan ló dún tí sítátà kò mira, ìṣòro náà ti yàtọ̀ pátápátá, ó lè jẹ́ pé iná kò dé sólẹ́nọ́ìdì rárá. Ìdásílẹ̀ tí mo sọ yìí náà ní ààlà. Ojú kọ́kọ́rọ́ tàbí rílè tó ti jẹ lè jẹ́ kí iná kọjá, kó má tó. Fólìtì 12 tó kúrò lọ́dọ̀ bátìrì lè dé ibẹ̀ ní 8, irin sólẹ́nọ́ìdì á wọlé láìní ipá, kò sì ní tẹ bàbà mọ́ bàbà dáadáa. Nítorí náà ni ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó mọ iṣẹ́ ṣe máa ń wọn iná ojú wáyà kékeré sólẹ́nọ́ìdì pẹ̀lú, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní yíyí, kó tó dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìró “ta-ta-ta-ta” rọrùn jù láti tú. Irin wọlé, bàbà pàdé bàbà, mọ́tò sítátà bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná ńlá, fólìtì já wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kò rí agbára di irin mú mọ́, irin ta padà sẹ́yìn, iná ńlá gé. Bó ṣe gé báyìí, fólìtì gòkè padà, irin tún wọlé. Ìyípo yìí lè wáyé ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun la ń gbọ́. Iná tí kò tó ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná lè má tó nítorí pé bátìrì ti rẹ̀, ó sì lè má tó nítorí pé bátìrì lágbára ṣùgbọ́n tẹ́mínà tàbí wáyà kan ń dí i lọ́nà. Ìró kan náà ni méjèèjì ń dún, kò sí etí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. “Kọ́” ẹyọ kan tilẹ̀ ṣòro ju èyí lọ. Ó ń wí pé irin wọlé, ó dúró síbẹ̀, mọ́tò sítátà kò sì yí. Ó lè jẹ́ pé ojú bàbà sólẹ́nọ́ìdì ti jó, ó lè jẹ́ pé kábọ̀n tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò náà ti jẹ tán, ó lè jẹ́ wáyà ńlá tí kò dé ara wọn, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni kò ṣeé yí. Ohun mẹ́rin tí owó àtúnṣe wọn jìnnà síra, láti orí nọ́ọ̀tì kan tí ó yẹ kí á fún dé orí títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ló fara pamọ́ sẹ́yìn ìró kan ṣoṣo.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ẹni tó fura sí bátìrì á gbé mítà lé e, á rí fólìtì 12.6, á ní bátìrì kún, kò sí ìṣòro níbẹ̀. Òótọ́ ni pé bátìrì tó kún, tí kò sì ṣiṣẹ́ kankan lọ́wọ́, máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn, pé 12.2 sì túmọ̀ sí pé ó ti dé nǹkan bí ìdajì. Ṣùgbọ́n bátìrì tí pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀ ti gbó lè fi 12.6 hàn láàárọ̀, kó sì já sí 6 lójú kan náà tí sítátà bá bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alábàárù méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jà Bódìjà, kí ojú má mọ èyí tó lágbára nínú wọn, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì ka àwọn méjèèjì lórí. Bákan náà ni wáyà rí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìpẹtà lójú tẹ́mínà kan fa ìdènà tó kéré gan-an, 0.05 ọ́ọ̀mù. Bí iná bọ́ọ̀bù, ámpù 5, bá gba ibẹ̀ kọjá, fólìtì 0.25 péré ni yóò sọ nù, kò sí ojú tó lè mọ̀ pé bọ́ọ̀bù náà dín. Bí sítátà bá wá bèèrè ámpù 150 láti ojú ibẹ̀ kan náà, fólìtì 7.5 ni ìdènà yẹn fẹ́ gbà, ohun tó kù fún sítátà kò tó nǹkan. Àmọ́ o, ámpù náà kò tilẹ̀ ní lè pé 150 mọ́, nítorí ìdènà ti dín in kù, ohun tó sì fa sábàbí nìyẹn. Wáyà kan náà, tẹ́mínà kan náà, lọ́jọ́ kan náà: ó dára fún bọ́ọ̀bù, kò dára fún sítátà.

Nítorí náà, gbólóhùn tí a sábà máa ń gbọ́, pé “iná iwájú ń tàn yòò, bátìrì kọ́ ni,” kò fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kan náà lè di ohun àyẹ̀wò tó péye bí a bá wò ó nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní yíyí. Kí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ tan iná iwájú, kó kọjú ọkọ̀ sí ògiri bó bá ṣeé ṣe, kó yí kọ́kọ́rọ́, kó sì máa wo iná náà. Bí iná bá kú tán tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná ńlá ti fẹ́ jáde lóòótọ́ ṣùgbọ́n ipá bátìrì kò ká a. Yálà bátìrì ti rẹ̀, yálà ojú tẹ́mínà burú, yálà ẹ́ńjìnnì le débi pé sítátà ń fa iná tí kò lópin. Bí “kọ́” dún tí iná iwájú kò mira rárá, iná ńlá kò lọ síbì kankan nìyẹn: ojú bàbà kò pàdé, tàbí kábọ̀n ti tán, tàbí wáyà ti já. Láìlo irinṣẹ́ kankan, a ti pín àwọn afurasí sí apá méjì. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pa iná iwájú nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní yíyí, nítorí náà iná inú ọkọ̀ tó wà lórí àjà ni kí á fi ṣe àyẹ̀wò nínú irú wọn.

Mítà ló kù láti ṣe ìyókù, mítà olówó pọ́ọ́kú sì tó bẹ́ẹ̀. Kí á kọ́kọ́ fa búrèkì ọwọ́, kí á fi giá sí P tàbí N, nítorí ọkọ̀ tí kò gbà láti àárọ̀ lè gbà lójijì nígbà tí orí ẹnì kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí á fi abẹ́rẹ́ mítà méjèèjì kan orí bátìrì gan-an, òjé yẹn fúnra rẹ̀, kì í ṣe tẹ́mínà tó dì mọ́ ọn, kí ẹnì kejì sì yí kọ́kọ́rọ́. Bátìrì tó dára kò yẹ kó já sísàlẹ̀ fólìtì 9.6 nígbà tí sítátà bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá já sísàlẹ̀ púpọ̀, bátìrì ni kí á kọ́kọ́ ṣàjì, kí á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí á yá òmíràn tó dájú. Bí kò bá já, kí á gbé abẹ́rẹ́ kan sórí bátìrì ní apá pósítíìfù, èkejì sórí nọ́ọ̀tì ńlá tí wáyà bátìrì dé lára sítátà, kí á tún yí kọ́kọ́rọ́. Iye tí mítà bá fi hàn ni fólìtì tó sọ nù lójú ọ̀nà, kò sì yẹ kó ju 0.5 lọ. Kí á ṣe bákan náà ní apá nẹ́gátíìfù, láti orí bátìrì dé ara irin ẹ́ńjìnnì. Apá nẹ́gátíìfù yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ara rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé nínú ọkọ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì kan ni gbogbo iná ńlá fi ń padà sí bátìrì, wáyà náà sì wà nísàlẹ̀, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ ti ń bá a jà. Bí àyẹ̀wò bá fẹ̀sùn kan án, kí á fi wáyà jọ́ọ̀mpù kan so nẹ́gátíìfù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tààrà, bí ọkọ̀ bá gbà, ẹjọ́ ti parí.

Bí mítà kò bá rí fólìtì kankan tó sọ nù lójú ọ̀nà méjèèjì, tí bátìrì kò sì já, àwọn kan máa ń rò pé àyẹ̀wò náà kò wúlò, pé kò rí nǹkan kan. Ní tèmi, ibẹ̀ ló ti wúlò jù. Iná tí kò rìn kò lè sọ fólìtì nù lójú ọ̀nà. Òdo tí mítà fi hàn ń wí pé ọ̀nà ti gé níwájú, nínú sítátà fúnra rẹ̀. Kí á wá gbé abẹ́rẹ́ kan sórí nọ́ọ̀tì ńlá kìn-ín-ní sólẹ́nọ́ìdì, èkejì sórí nọ́ọ̀tì ńlá tó so ó mọ́ mọ́tò sítátà, kí á yí kọ́kọ́rọ́. Bí “kọ́” bá dún tí mítà ṣì ń fi 12 hàn, ojú bàbà inú sólẹ́nọ́ìdì kò pàdé. Bó bá já sí nǹkan bí òdo tí mọ́tò kò sì yí, bàbà ti pàdé, kábọ̀n tàbí inú mọ́tò náà ló ń jẹ́ ẹjọ́. Nísinsìnyí la ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé “kíkì ti lọ,” a sì mọ ibi tó ti lọ lára rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀gá tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún kò nílò gbogbo ìwọ̀nyí, etí rẹ̀ tó. Mo bọ̀wọ̀ fún etí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ ìró sítátà púpọ̀ lè mọ “ta-ta-ta” tó jẹ́ ti bátìrì tó fẹ́ kú láti òkèèrè, yóò sì tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ níbi tí ohun méjì bá ti ń dún bákan náà, ìrírí kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ tí kò sí. Àwọn ọ̀gá ríwáyà gan-an mọ èyí, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń gbé bọ́ọ̀bù kékeré oníwáyà méjì kiri láti fi dán iná wò. Irinṣẹ́ rere ni fún wíwá wáyà tó já, ṣùgbọ́n kì í mu tó ámpù 1 lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò tó lójú wáyà sítátà. Yóò tàn yòò lórí tẹ́mínà tó ti pẹtà.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní kí á sáà pààrọ̀ rẹ̀ wò, pé ó yá ju wíwọn lọ. Nínú ọkọ̀ tí sítátà rẹ̀ hàn ketekete, nọ́ọ̀tì méjì péré, tí sítátà mìíràn tó dájú sì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú Land Cruiser 100 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ àti Lexus LX 470 tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, abẹ́ mánífóòdù ni sítátà wà, nínú àfonífojì àárín ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá tú ìyẹn láti “wò ó” ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ohun tí a sì fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ l’Ékòó tàbí láti Gate n’Íbàdàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, kò sì sí ẹni tó mọ iye ìgbà tí ojú bàbà rẹ̀ ti jó lókè òkun kó tó dé. Ẹni tó ń tà á á gbé e sílẹ̀, á so ó mọ́ bátìrì, á yí fíìì níwájú oníbàárà, owó á sì kúrò lọ́wọ́. Àmọ́ sítátà tó ń yí lórí ilẹ̀ kò gbé ẹrù kankan, ìwọ̀nba iná díẹ̀ ló ń mu. Kábọ̀n tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lè yí i fíìì bẹ́ẹ̀, kó sì kọ iṣẹ́ nígbà tó bá pàdé ẹ́ńjìnnì.

Àwọn mìíràn á ní bí wọ́n bá fi irin gbá sítátà díẹ̀, ọkọ̀ á gbà, ṣé ẹ̀rí kọ́ nìyẹn? Ẹ̀rí ni, ó sì ṣeé fi pamọ́. Gbígbá lè mú kábọ̀n tó há rìn padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbá lè mi nọ́ọ̀tì wáyà ńlá tó ti tú náà, kí ọkọ̀ gbà nítorí ìyẹn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí á sọ gbígbá di ìtọ́jú ojoojúmọ́: òkúta onímágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú ọ̀pọ̀ sítátà òde òní, bó bá sán, sítátà náà ti parí. Fífi síkúrúdíráfà so nọ́ọ̀tì ńlá méjì pọ̀ tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń ta iná wàwà, ó sì lè mú ọkọ̀ tó wà nínú giá fò mọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni mítà ń fúnni, láìta iná, láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Ti jọ́ọ̀mpù ńkọ́? Bí ọkọ̀ mìíràn bá fún tiwa níná tó sì gbà, ṣé bátìrì kọ́ ni? Kò tíì dájú. Orí tẹ́mínà ni ẹnu wáyà jọ́ọ̀mpù sábà máa ń dì mọ́, nítorí náà iná àlejò ti fo ojú ìpẹtà tó wà láàárín tẹ́mínà àti orí bátìrì kọjá. Bí a bá sì so wáyà dúdú mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, bó ṣe yẹ kí á ṣe é, ó ti fo wáyà ẹ́ẹ̀tì náà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí bátìrì, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná bí ìparí ìsopọ̀ bá ta iná lórí rẹ̀. Nítorí náà, kí á tó ra bátìrì, kí á tú tẹ́mínà méjèèjì, nẹ́gátíìfù ni kó kọ́kọ́ kúrò. Kí á fi omi gbígbóná fọ èérí funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀, kí á fi sáńdípépà ha inú tẹ́mínà àti orí òjé títí yóò fi dán, kí á dè wọ́n padà kó le dáadáa, kí á sì fi básílíìnì kùn wọ́n lókè. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni, kò sì sí àyẹ̀wò tó pọndandan tó o fún ọkọ̀ tó ń dún “ta-ta-ta”.

Ká ní gbogbo àyẹ̀wò ti pé, tó sì jẹ́ sítátà ni lóòótọ́, kò tíì di dandan kí á ra odindi. Sítátà Denso tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry ní ojú bàbà méjì nínú sólẹ́nọ́ìdì tó máa ń jó díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan sì sábà máa ń jẹ ju èkejì lọ. Àmì rẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń dún “kọ́” lẹ́ẹ̀mejì, tó gbà lẹ́ẹ̀kẹta, tí ìgbà tó ń kọ̀ sì ń pọ̀ sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ojú bàbà náà ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀, kábọ̀n náà ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀, ríwáyà tó mọwọ́ á sì ṣe é ní owó tó kéré gan-an sí ti odindi tòkunbọ̀. Sítátà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, tí a sì tún inú rẹ̀ ṣe, ni mo fọkàn tán ju àjèjì tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Afurasí kan ṣì kù tí kò yẹ kí á fi ipá bá lò. Bí ọkọ̀ bá ti la omi kọjá nígbà òjò, irú àgbàrá tó ń bo títì ní Lẹ́kí tàbí ní àwọn ibòmíràn l’Ékòó, tó sì kú sínú omi, tó wá ń dún “kọ́” ẹyọ kan tí iná iwájú ń kú tán, kí ẹnikẹ́ni má yí kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Omi lè ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, omi kò sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Sítátà tuntun tó lágbára, tàbí jọ́ọ̀mpù láti ọkọ̀ ńlá, lè tẹ irin inú ẹ́ńjìnnì. Kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì, kó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú pẹ̀lú ọwọ́, kó jẹ́ kí omi jáde. Bí ọwọ́ kò bá lè yí i lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì ti kúrò, sítátà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ohunkóhun tó wù kó jẹ́, àyẹ̀wò tí a fi mú ẹlẹ́bi náà ni kí á tún ṣe: mítà lórí bátìrì, mítà láti bátìrì dé sítátà, mítà láti bátìrì dé irin ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́rọ́ ní yíyí. Bí fólìtì tó ń sọ nù bá ṣì ju 0.5 lọ, ẹlẹ́bi mìíràn ṣì wà nínú ilé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ti gbà. Kí á wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí á sì wọn orí bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí bátìrì tó rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ọ́tánétọ̀ kò fún lóúnjẹ: láàárín fólìtì 13.8 sí 14.5 ló yẹ kí á rí. Kí mẹkáníìkì má sì yọ tẹ́mínà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀ dára, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Bátìrì ló ń mú fólìtì dúró ṣinṣin. Bí a bá gé e kúrò lójijì, fólìtì lè fò sókè kó jó ọ́tánétọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí owó rẹ̀ ju ti sítátà lọ fíìfíì.